Put Down: Ọ̀rọ̀ Kékeré Méjì Tó Fẹ́ Lé Mi Kúrò Nílùú Òyìnbó

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n tó lọ sí ìlú àwọn tó ni ín. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí mo débẹ̀, obìnrin kan bi mí níwájú èèyàn mẹ́fà pé, "Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá?"

Tracy ni orúkọ obìnrin náà. Òun ni ọ̀gá àwa òṣìṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n gbà mí sí, ní ìlú kékeré kan létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò sì ní fi oyin là á. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí n jẹ́ kó lọ, pé ọdún ti ń gorí ọdún. Wọn kò sí níbẹ̀.

Kí n tó lọ, ilé ìwé girama kan ní Ẹdúnàbọ̀n ni mo ti ń kọ́ni. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, nínú ilé màmá mi, èmi àti Mojí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi kí bàbá rẹ̀ tó kú. Àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìbàdàn mọ̀ mí dáadáa. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ sínú kọ̀rọ́pẹ̀ láàárọ̀, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Ẹ sún fún Àǹtí Gẹ̀ẹ́sì o, kí wọ́n má lọ fi gírámà bú wa." Gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín. Bí ìyá kan tó ń lọ sí Ìpetumodù bá ní lẹ́tà tí kò yé e lápò, èmi ni yóò nà án sí. Mo mọ ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà.

Lára iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní phrasal verb. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ló pọn ọ̀rọ̀ kékeré kan sẹ́yìn, pé ọmọ ẹ̀yìn yẹn ló sì ń darí ìyá. Màá kọ put down sójú pátákó, màá gbé àpò mi sókè, màá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. "Kí ni mo ṣe?" Wọ́n á pariwo pé, "You put down the bag, ma!" Màá tún mú ṣọ́ọ̀kì, màá kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀. Ìyẹn náà, put down ni. Ìtumọ̀ méjì. Ìdánwò kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Àìkínni ni. Ní Ifẹ̀, ẹni tí ẹ jọ ń bá ara yín ṣẹjọ́ ilẹ̀ pàápàá á ní "ẹ káàárọ̀" kó tó bojú jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́, Tracy pàdé mi lójú ọ̀nà ilé ìdáná, ó bi mí bóyá ara mi le. Inú mi dùn. Mo dúró, mo ní, "Ara le díẹ̀ o, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn mí láti àná." Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti wọlé, ó ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lára èèyàn nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ó pè mí láti ẹ̀yìn pé, "Put Walter down for two o'clock."

Walter ni bàbá tó wà ní yàrá keje. Ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo méjì lù, mo lọ bá a, mo fi àga onítáyà gbé e dé yàrá, mo gbé e sórí ibùsùn, mo bò ó lẹ́sẹ̀. Ó ń ṣépè fún mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó ní òun kò tíì fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo rò pé ìwà rẹ̀ ni.

Dókítà ẹsẹ̀ ló ń bọ̀ ní agogo méjì. Ṣe ni Tracy ní kí n kọ orúkọ Walter sílẹ̀ fún un. Dókítà dé, kò rí orúkọ, ó tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn tó kọ orúkọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé ìdáná ni Tracy ti ká mi mọ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì. "Mo ní kí o kọ orúkọ rẹ̀! Kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu, àwọn tó kù kò tiẹ̀ bò ó. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ ìtumọ̀ yẹn. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó fún ọdún mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ẹlẹ́nu sọ ọ́ kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó kọ sí mi, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé tíṣà ni mí. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, ó pa dà. Ta ló máa gbà á gbọ́?

* * *

Yàrá kan ni mo gbà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dín ẹja. Òórùn òróró kì í kúrò lára aṣọ mi. Ní ọjọ́ ìsinmi mi, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí n tó la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà míì màá kàn lọ sí ọjà ńlá wọn láti ra búrẹ́dì tí n kò nílò, kí n lè rí ẹni sọ "thank you" fún. Ẹ̀rọ ló kù tí wọ́n fi ń gba owó níbẹ̀ báyìí. N kò rí ẹnì kankan.

Walter ní tirẹ̀ kò fi ìkórìíra rẹ̀ pa mọ́. "Ìwọ yẹn" ló ń pè mí. Ó ní òun kò ṣiṣẹ́ fún orílẹ̀-èdè òun ní gbogbo ọjọ́ ayé òun kí àjèjì wá máa wẹ̀ fún òun. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa tún un sọ lẹ́yìn mi bí ó ṣe rò pé ó yẹ kó dún. Bí tíì bá gbóná jù, ó máa tu ú sí mi lára. Mo ń nu ara mi, mo ń nu ara rẹ̀, mo sì ń gbé e dìde, mo ń gbé e kalẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Wọ́n kọ́ mi pé a kì í fi ọwọ́ líle mú àgbà, bí àgbà náà tilẹ̀ ya wèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀.

Kó tó di oṣù kẹta ni ti ajá ṣẹlẹ̀. Màmá arúgbó kan wà ní yàrá kẹrin tó máa ń sọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà wá, mo ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé àwọn ní láti put the dog down. Mo rò pé ó yẹ kí n dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má bàa sọ pé n kì í bá èèyàn ṣe. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo bi ọkùnrin náà pé, "Níbo lẹ gbé e kalẹ̀ sí, sà?"

Ẹkún tí màmá yẹn bú sí kò ṣeé gbọ́. Ọmọ rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ṣé orí mi pé.

Mo sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lórí fóònù mi. Put down. Gbé nǹkan kalẹ̀. Kọ nǹkan sílẹ̀. Tẹ́ ọmọ sùn. Tẹ́ńbẹ́lú ẹni. Gé fóònù mọ́ ẹni létí. Paná ọ̀tẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá: kí dókítà ẹran fún ẹranko tó ń ṣàìsàn lábẹ́rẹ́ kó lè kú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èdè wo ló ń fi ọ̀rọ̀ kan náà tẹ́ ọmọ sùn tó sì fi ń pa ajá?

Inú bí mi sí èdè náà bí ìgbà tí èèyàn ń bínú sí ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rò ó pé àwa náà ń pa adìẹ, a ń pa àlọ́, a ń pa iná, a ń pa ojú dé. Mo tún sọ fún ara mi pé bí àlejò bá ṣì í sọ lọ́dọ̀ tiwa, a ó kàn rẹ́rìn-ín, a ó sì fún un lóúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Málàmù tó máa ń ta ewúrẹ́ ní Sábó nígbà tí a wà lọ́mọdé. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Bí a bá ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó máa sín in jẹ títí a ó fi dé ẹ̀yìn ilé. Ó máa ń wò wá, kò ní sọ nǹkan kan. A kò fún un lóúnjẹ kankan.

* * *

Bí ọdún ṣe ń lọ, mo kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, mo sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ arúgbó sórí ibùsùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn ló ń ní àwọn ti put him down. Èmi náà sì ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Walter pariwo láti ìgbà tí a ti gbé oúnjẹ fún un. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ gbà pé ó rẹ òun. Mo gbé e lọ sí yàrá, mo tẹ́ ẹ, ó sùn lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé: "Walter was shouting. I put him down at 1.15. He is quiet now."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ka ìwé náà. N kò sí níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi mi ni. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ dé ìta. "Ṣé ajá ni bàbá mi ni?" Ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí wọn lójú ẹsẹ̀.

Bí mo ṣe mọ̀ ni pé fóònù mi dún. Tracy ti ya fọ́tò ojú ìwé náà, ó ti fi í sí gúrúùpù àwa òṣìṣẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi àwòrán ajá kan tó nà gbalaja lórí tábìlì dókítà ẹran. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi àmì ẹ̀rín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó bí ẹ̀rín ṣe ń pọ̀ sí i. Ọmọbìnrin kan tí mo bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, òun náà fi tirẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, máníjà pè mí. Ó ní ìpàdé máa wà ní Ọjọ́bọ̀. Títí di ìgbà náà, n kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú arúgbó kankan. Ó ní bí wọ́n bá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì mi lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, wọ́n máa fagi lé ìwé tí wọ́n fi mú mi wá. Bí wọ́n bá fagi lé e, físà mi ti lọ nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń la ẹnu gbàgà, bí ìgbà tí èèyàn ń bá odi sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Mojí pè mí láti Ifẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n yàn mí! Èmi ni mo máa ka àròkọ níwájú gbogbo ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Mo ní kó kà á. Ó bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa ni àròkọ náà dá lé. Ní gbólóhùn kejì ó ka, "The people of Ife is friendly."

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo gbọ́ ọ létí ara mi kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń sọ ọ́. "Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá? Ìranù wo lò ń kà yìí? Ṣé ohun tí o fẹ́ lọ fi dójú tì mí nìyẹn?"

Mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ iná aládùúgbò ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, mà," bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń sọ ọ́ fún tíṣà tó fẹ́ nà án, fóònù sì kú.

Màámi ló pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Kí lo sọ fún ọmọ yìí? Kò jẹun. Ó ti fa ìwé rẹ̀ ya."

"Ó ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ ni, Màámi. Mo tún un ṣe fún un."

"Báyìí la ṣe ń túnṣe? Ọmọ ni mo bí, n kò bí ẹkùn. Ṣé ojú ń pọ́n ọ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Màámi. Òtútù ni."

"Òtútù kì í bú ọmọ." Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́ o. Ẹni tó bá gbá ọ létí, òun ni kí o gbá padà. Má sọ̀ kalẹ̀ wá gbá ọmọ rẹ. Apá ọmọ ò ká ọ, ìyẹn lo ṣe rí i gbá."

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n fẹ́ lé mi padà sílé nítorí ọ̀rọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń ṣe dáadáa. Mo ní iṣẹ́ ń pè mí.

* * *

Nítorí pé n kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú arúgbó, wọ́n fi mí sí yàrá ìwé kékeré kan lẹ́yìn yàrá ìfọṣọ, kí n máa to àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú fáìlì. Tracy ló yan iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní ìyẹn kò ní nílò Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdé, mo ń to ti Walter, ojú mi bá bọ́ sí ìlà kan. "Put Walter down after dinner. Settled." Mo mọ ìkọ̀wé yẹn. Tracy ni. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn. Ti Tracy ni òun náà. Mo tún ṣí òmíràn, ti ọmọbìnrin tó fi ẹ̀rín sí gúrúùpù nìyẹn. Mo ya bébà pélébé pélébé, mo ń fi ṣe àmì sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fi di Ọjọ́rú, bébà ti yọ lára fáìlì náà bí ìyẹ́ lára adìẹ. N kò jí nǹkan kan gbé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́rin la jókòó sí ọ́fíìsì: máníjà, Tracy, ọmọ Walter, àti èmi. Máníjà ka ohun tí mo kọ sókè. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ìtumọ̀ púpọ̀. Èyí tí mo lò ni pé mo tẹ́ ẹ kó sùn. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí fún ọdún mẹ́rìnlá."

"Gẹ̀ẹ́sì ti Áfíríkà," Tracy sọ, ó ń wo fèrèsé.

Mo gbé fáìlì náà síwájú máníjà. Mo ní kó jọ̀ọ́ ka gbogbo ibi tí bébà wà, kó ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú. Ó ka àkọ́kọ́ sókè. Ó ka ìkejì. Ní ìkẹta, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ọmọ Walter na ọwọ́, ó gba fáìlì náà, ó ń ṣí i fúnra rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?" ó bi Tracy.

"Tèmi yàtọ̀," Tracy dáhùn. "Gbogbo èèyàn mọ ohun tí mò ń sọ."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ síta. Mo bi í pé, "Ta ni gbogbo èèyàn? Èmi náà mọ ohun tí ò ń sọ. Ìwọ náà mọ ohun tí mò ń sọ. O mọ̀ ọ́n nígbà tí o ń wá àwòrán ajá."

Ọmọ Walter kò mọ̀ nípa àwòrán, ó ní àwòrán wo. Mo ṣí fóònù mi, mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ajá, kì í ṣe èmi. N kò rò pé Tracy ti rò ó dé ibẹ̀.

Ó ní kí wọ́n lọ gbé bàbá òun wá. Wọ́n tì í wọlé, ó ń ráhùn pé wọ́n jí òun. Máníjà bi í bóyá ó rántí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bóyá mo ṣe é níkà.

"Ó gbé mi sórí ibùsùn," Walter sọ. "Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe, kó fi mí kọ́ sára ògiri?"

"Ṣé inú yín dùn sí ìtọ́jú rẹ̀?"

"N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn kalẹ̀." Ó na ìka sí Tracy. "Ìyẹn ló máa ń jù mí sílẹ̀ bí àpò èédú. Ẹ gbé mi padà, òtútù ń mú mi."

* * *

Bí ẹ bá ń retí pé wọ́n bẹ̀ mí, wọn kò bẹ̀ mí. Máníjà kọ lẹ́tà kúkúrú pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọmọ Walter kọjá lára mi ní ẹnu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Mo ní àfi kí wọ́n yọ àwòrán náà, kí Tracy sì tọrọ àforíjì níbi tó ti bú mi. Wọ́n yọ ọ́. Tracy kọ ọ́ pé òun tọrọ àforíjì bí ẹnikẹ́ni bá bínú. "Bí" yẹn ni n kò dárí rẹ̀ jì í títí di òní. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, ó máa ń kọ ọ́ sí bébà, ó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí aṣọ mi. Àwọn tó rẹ́rìn-ín kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì tí mo padà sí yàrá keje, Walter tu tíì sí mi lára.

Ṣùgbọ́n ìwé mi wà lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ̀ ní ọjọ́ yẹn pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni mo kùnà. Wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó bá sọ ọ́ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan ìtumọ̀ fún un. Ìyẹn kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Mo jókòó sórí àga létí òkun lẹ́yìn iṣẹ́, mo jẹ ẹja díndín, mo sì sunkún díẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ sí mi lójú, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni èwo.

Mojí ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi gba fóònù mi. Bí mo bá pe Màámi, á ní ọmọ náà ń fọ aṣọ, tàbí pé wọ́n rán an lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ka àròkọ ní ilé ìwé. Èyí sì dùn mí ju gbogbo ohun tí Tracy ṣe lọ, torí pé èmi ni mo ṣe é.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, mo pe Màámi, mo ní, "Ẹ sọ fún un pé mi ò fẹ́ bá a wí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Mojí, mo ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí mo sọ fún ọ kò dáa, kì í sì í ṣe òótọ́. Má bínú, ọmọ mi."

Ìyá kì í sábà bẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Mo gbọ́ tí ó ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ta ló kọ́ yín?"

Mo sọ fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo sọ ti dókítà ẹsẹ̀, mo sọ ti ajá, mo sọ bí ẹ̀rín ṣe ń pọ̀ sí i lójú fóònù. N kò fi pa mọ́ pé wọ́n fẹ́ lé mi. Mo gbọ́ tí ẹlòmíràn ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé Màámi ti gbé etí sí i.

"Kí lorúkọ obìnrin yẹn?" Mojí bi mí.

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni."

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kó lè jẹ́ pé ó pè é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, ní ojúlówó èdè Ifẹ̀, láti orí dé àtàǹpàkò, irú èébú tí n kò mọ̀ pé ọmọ mi gbọ́ rí. Mo gbọ́ tí Màámi ń fi tirẹ̀ kún un lẹ́yìn. N kò bá ọ̀kankan nínú wọn wí. Mo fi fóònù mọ́ etí dáadáa, mo ní kí wọ́n tún un sọ.